Kí ló dé tí ohùn dírọ́ọ̀mù yín fi ń dé lẹ́yìn ọwọ́ yín nínú géèmù orin

Ẹ jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù ẹlẹ́tíróníìkì yín, ẹ so ó mọ́ géèmù, orin bẹ̀rẹ̀, ẹ na páàdì snare, ìyẹn páàdì ìlù tó wà níwájú yín gan-an, pá. Kọ̀ǹgọ́ ti kan rọ́bà, ó ti ń padà sókè, kí ohùn tó jáde nínú sípíkà. Ẹ tún nà án, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àkókò bíńtín ni, ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín lè má tiẹ̀ fura, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́, ara yín ti sọ fún yín pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Ẹ wá bi àwọn èèyàn, gbogbo wọn ní "ẹ lọ ṣe calibration," ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ fún géèmù bí ohùn àti àwòrán ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ ṣe é, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, géèmù wá ń fún yín ní máàkì dáadáa, kò sọ mọ́ pé ẹ ò bá a, àmọ́ ohùn yẹn ṣì ń dé lẹ́yìn ọwọ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, àwọn kan tiẹ̀ ti torí ẹ̀ pa dírọ́ọ̀mù tì, wọ́n rò pé dírọ́ọ̀mù ló bàjẹ́ tàbí pé ọwọ́ àwọn ni ò yá tó.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ò pọ̀, ẹyọ kan ni: láàgì, ìyẹn ìdádúró, méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni bí orin ṣe ń pẹ́ kó tó dé etí yín. Ìkejì ni bí ohùn ìlù tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín lù ṣe ń pẹ́. Calibration lè wo ti àkọ́kọ́ sàn, kò lè wo ti ìkejì sàn láéláé, bí ẹ fẹ́ ẹ ṣe é di ọ̀la. Ìdí ẹ̀ ni pé orin ti wà nílẹ̀, géèmù ti mọ gbogbo ibi tí ìlù máa bọ́ sí kí ẹ tó jókòó, torí náà ó lè sún nǹkan síwájú, ó lè sún un sẹ́yìn, kí ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ àti ohun tẹ́ ẹ ń rí bára mu. Ọwọ́ yín ńkọ́? Géèmù ò mọ ìgbà tí ẹ máa na páàdì. Ẹ gbọ́dọ̀ nà án tán kó tó gbọ́, ìgbà tó bá sì gbọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ wá ohùn tó máa gbé jáde, kò wá sí nọ́ńbà kankan tẹ́ ẹ lè kọ síbẹ̀ tó máa jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlù kan ṣoṣo láti orí páàdì títí dé etí, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí àkókò ń bọ́ sí. Mìlísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ms, la máa fi kà á, tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà 1,000, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni 1 ms. Lábẹ́ páàdì yẹn, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní piezo, tí kọ̀ǹgọ́ bá ti kan páàdì tó gbọ̀n, piezo máa sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná, wáyà á gbé e lọ sínú module, ìyẹn àpótí oníbọ́tìnnì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù. Module ò ní sáré dáhùn, ó máa kọ́kọ́ dúró bíi 2 ms tàbí kó lé díẹ̀, kó fi wo bí ẹ ṣe nà án tó, ṣé ẹ rọra kàn án ni àbí ẹ fi gbogbo agbára nà án, torí ìyẹn ló fi ń mọ bí ohùn ṣe máa ròkè tó. Lẹ́yìn náà ló máa ṣe nǹkan méjì pa pọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí ẹ̀ ni gbogbo àtúnṣe tí mo fẹ́ sọ dúró lé: ó máa gbé ohùn ti ara ẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀ níbi ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù ẹ̀, ó sì máa fi MIDI ránṣẹ́ sí géèmù pé wọ́n ti na snare o, bí wọ́n ṣe nà án tó rèé.

MIDI ò gbé ohùn kankan dání, iṣẹ́ ló ń jẹ́. Láti 1983 ló ti wà, lórí wáyà ẹ̀ àtijọ́ ó ń gbé 31,250 bit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá sì ṣírò ẹ̀, iṣẹ́ pé ẹ na páàdì kan ò ju nǹkan bíi 1 ms lọ. Ti USB náà kì í pẹ́. Títí dé ibí yìí, tí module yín bá dáa, a ò tíì lò ju 10 ms lọ, kódà ó sábà máa ń kéré sí i.

Ibi tí àkókò ti ń ṣòfò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Tí iṣẹ́ yẹn bá dé inú kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ géèmù, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan ni géèmù ń wò ó bóyá ẹnì kan ti na nǹkan, tí àwòrán sì jẹ́ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á jẹ́ pé ó lè tó nǹkan bíi 17 ms kó tó bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá gbé ohùn ìlù, ó dà á sínú buffer. Buffer yìí, ẹ fi wé garawa tó gbọ́dọ̀ kún kí wọ́n tó gbé e lọ: garawa tó gba 1,024 sample, ìyẹn àwọn ẹyọ ohùn kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, tí ohùn bá ń lọ ní 48,000 sample ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ti gba 21 ms nìyẹn, ti 256 sample ò sì ju nǹkan bíi 5 ms lọ. Kì í wá ṣe garawa kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tò sọ́nà, wọ́n lè tó méjì mẹ́ta. Ohùn jáde níbẹ̀, ó gba wáyà HDMI wọ tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n tòde òní fẹ́ràn láti tún àwòrán ṣe kó tó gbé e síta, ó ń mú un dán, ó ń mú un yọ̀, bó sì ṣe dá àwòrán dúró ló máa ń dá ohùn náà dúró kí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè bá ọ̀rọ̀ mu. Tẹ́ ẹ bá tún wá so soundbar, ìyẹn sípíkà gbọọrọ tó ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mọ́ ọn, soundbar náà á ṣe tiẹ̀. Bluetooth ló wá burú jù nínú gbogbo wọn, kò ṣòro fún un láti dá ohùn dúró fún 100 ms tàbí 200 ms, nígbà míì ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà afẹ́fẹ́ gan-an ń gba tiẹ̀, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé tí sípíkà bá jìnnà sí yín ní mítà 3, ẹ ti fi bíi 9 ms sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá rí i pé dírọ́ọ̀mù àti wáyà ẹ̀ kọ́ ni olè. Àwọn èèyàn ń ra module tuntun, wọ́n ń ra wáyà USB olówó ńlá, wọ́n ń gbé ẹ̀bi fún aláre, tẹlifíṣọ̀n àti Bluetooth tó jí gbogbo àkókò wà níbẹ̀ wọ́n ń wò wọ́n.

Èmi náà ti ṣe é rí, ó sì dùn mí nígbà tí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń bá ọwọ́ ara mi jà. Mo ń fi metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, kọ́ṣẹ́ ní òwúrọ̀, ọwọ́ mi dúró ṣinṣin, tó bá di alẹ́ tí mo bá ṣí géèmù, ńṣe ni mo máa ń dà bí ẹni tí ò mọ ìlù lù rí. Hẹ́ẹ̀dìfóònù Bluetooth ni mo máa ń lò lálẹ́ kí n má baà dí àwọn ará ilé lọ́wọ́, mi ò sì rò ó rárá pé òun ni. Ọjọ́ kan ni mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù náà lé orí fóònù, mo wá na páàdì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí mo ń dúró láàárín wọn. Mo gbé ohun tí mo gbà sílẹ̀ sínú Audacity, sọ́fítíwíà tó ń fi ohùn hàn bí àwòrán, lórí kọ̀ǹpútà, mo fà á tóbi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: òkè kékeré kan máa kọ́kọ́ yọ, tóóró, ìyẹn ni kọ̀ǹgọ́ tó kan rọ́bà, ilẹ̀ á wá tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ni òkè ńlá máa yọ, ìyẹn ni ohùn snare láti inú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Mo wọn àárín wọn, ó lé ní 200 ms. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: tí orin bá ń lọ ní 120 BPM, ìyẹn ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù kan sí èkejì jẹ́ 500 ms, tẹ́ ẹ bá pín ìyẹn sọ́nà mẹ́rin bí a ṣe máa ń ṣe lórí hi-hat, ìyẹn àwo irin méjì tó ń kan ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 125 ms. Ìyẹn ni pé kí ohùn ìlù tí mo lù tó dé, mo ti na èyí tó tẹ̀ lé e tán. Ta ló fẹ́ lu ìlù lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Fóònù àti Audacity tó, Audacity sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí àlàfo yẹn bá wà ní nǹkan bíi 10 ms, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Tó bá ti tó 20 sí 30, ọwọ́ onílù tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa fura. Tó bá ti lé ní 50, ó ti di flam nìyẹn, ìlù kan ń dún bíi méjì, tó bá wá tó 100, ẹ̀yin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ṣáájú orin kí ohùn lè bọ́ síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ géèmù á máa sọ pé ẹ ti yá jù. Ohun tó jẹ́ kí n kórìíra láàgì nìyẹn o, ó ń kọ́ ọwọ́ ní àṣà burúkú, tẹ́ ẹ bá kúrò nídìí géèmù tẹ́ ẹ lọ bá àwọn èèyàn lu dírọ́ọ̀mù gidi, àṣà yẹn máa bá yín lọ.

Ẹlòmíì á ní ṣùgbọ́n òun ti lu dírọ́ọ̀mù oníke ti géèmù Rock Band rí láyé àtijọ́, òun ò gbọ́ láàgì kankan. Òótọ́ ni, ìdí ẹ̀ sì wà. Nínú Rock Band tó jáde ní 2007, àwọn Harmonix tó ṣe é ya ìlù sọ́tọ̀ nínú orin, gìtá lọ́tọ̀, ohùn akọrin lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá na páàdì tó yẹ lásìkò tó yẹ, ìlù tí onílù inú orin náà ti lù sílẹ̀ ni géèmù máa jẹ́ kó máa dún lọ, tẹ́ ẹ bá ṣì í, á pa á mọ́ yín lẹ́nu. Ìyẹn ni pé ohùn tẹ́ ẹ rò pé ọwọ́ yín ló mú un jáde, ohùn onílù yẹn ni, òun ò sì lè pẹ́ torí inú orin ló wà. Àmọ́ ẹ rántí ibi tí wọ́n ti máa ń sọ pé kẹ́ ẹ lu ohun tó bá wù yín kí overdrive, agbára àfikún inú géèmù náà, lè ṣiṣẹ́? Ibẹ̀ ò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lù sílẹ̀, géèmù gbọ́dọ̀ dá ohùn látinú ọwọ́ yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbọ́ ọ pé ìlù ń wọ́ ẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kan náà, dírọ́ọ̀mù kan náà, láàgì wà níbẹ̀ látilẹ̀, wọ́n kàn dọ́gbọ́n bò ó ni.

Ó yá, àtúnṣe. Èyí tó tóbi jù ni pé kẹ́ ẹ má dúró de géèmù fún ohùn ìlù yín. Module yín ti ní ohùn tiẹ̀, ó sì ti gbé e jáde kí géèmù tó mọ̀ pé ẹ na nǹkan. Ẹ ki hẹ́ẹ̀dìfóònù oníwáyà bọ ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù module. Ẹ wá mú wáyà tín-ín-rín kan, irú èyí tó ní ẹnu kan náà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ki orí kan bọ ihò hẹ́ẹ̀dìfóònù kọ̀ǹpútà tàbí ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ki orí kejì bọ ibi tí wọ́n kọ "Mix In" tàbí "Aux In" sí lára module. Ẹ ti parí ẹ̀. Orin géèmù á gba inú module kọjá, ohùn ìlù yín á dà pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni méjèèjì máa wọ etí yín. MIDI ṣì ń lọ sí géèmù láti gba máàkì, ìyẹn ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tí ihò module bá tóbi ju ẹnu wáyà lọ, ẹnu tó sanra ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ fi adapter sí i. Àwọn module kan wà tó jẹ́ pé wáyà USB kan náà tó ń gbé MIDI lọ lè gbé orin kọ̀ǹpútà bọ̀, ẹ wo ìwé tiyín, tó bá wà níbẹ̀ ẹ ò nílò wáyà kejì.

Ó ku nǹkan díẹ̀ tó máa ń dani láàmú níbí. Àkọ́kọ́, ẹ wọ inú géèmù kẹ́ ẹ pa ohùn tó ń dá sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá na páàdì, tàbí kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ dé òdo, torí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, ìlù méjì lẹ máa máa gbọ́, tiyín tó dé kíá àti ti géèmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí á tún wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí orin náà bá ya ìlù sọ́tọ̀, ẹ tún fa ohùn ìlù inú orin wálẹ̀ kí tiyín lè hàn ketekete. Ìkejì, tẹ́ ẹ bá na páàdì tí module ò dún rárá àmọ́ tí géèmù ń gbà á, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n kọ "Local Control" sí nínú module, ẹnì kan ti pa á, ẹ tan án. Ìkẹta, tẹ́ ẹ bá gbọ́ húùù lábẹ́ orin lẹ́yìn tẹ́ ẹ so wáyà náà, iná ló ń yí po láàárín kọ̀ǹpútà àti module, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ gbọ́ bóyá ó dákẹ́, tó bá dákẹ́, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator tẹ́ ẹ lè fi sáàárín wáyà náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé láàgì tẹlifíṣọ̀n ṣì lè wà nínú orin tó ń gba ibẹ̀ bọ̀. Kò burú. Ká ní orin ń pẹ́ ní 80 ms kó tó dé inú module, ẹ̀yin ń lu ìlù sí ohun tí etí yín gbọ́, ìlù yín ń dún lójú ẹsẹ̀, torí náà méjèèjì bára mu létí yín. Géèmù nìkan ló máa rò pé ẹ pẹ́, torí òun mọ ìgbà tó gbé orin jáde, òun ló wá yẹ kẹ́ ẹ sọ fún pé kó fi 80 ms jì yín. Iṣẹ́ calibration gan-an nìyẹn, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn tó ń lo dírọ́ọ̀mù oníke tí ò ní module, tó jẹ́ pé géèmù nìkan ló ń dá ohùn fún wọn, ọ̀nà tí mo sọ yìí ò sí fún wọn, àfi kí wọ́n gé láàgì kù lápá géèmù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi dírọ́ọ̀mù ẹlẹ́tíróníìkì gidi lu géèmù àtijọ́, ọ̀nà wà fún yín: dírọ́ọ̀mù tó bá géèmù Guitar Hero World Tour jáde ní 2008 ní ihò MIDI lára tẹ́ ẹ lè so module mọ́, ilé iṣẹ́ Mad Catz náà sì ṣe MIDI Pro Adapter fún Rock Band 3 ní 2010. Lórí kọ̀ǹpútà ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn géèmù Clone Hero àti YARG ń gba MIDI látinú module tààrà, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá "Game Mode" kẹ́ ẹ tan án. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ẹyọ nǹkan kan péré lónìí, ẹ ṣe ìyẹn, torí ó máa gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ gbogbo ìkùnrà tó ń kun àwòrán. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tuntun máa ń bọ́ sí i fúnra wọn tí géèmù bá wọlé, ALLM ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ lọ fojú ara yín rí i pé ó tàn. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ "AV Sync" tàbí "Audio Delay" sí, kó wà ní òdo, ẹnì kan lè ti sún un nítorí fíìmù kó sì gbàgbé. Lórí ẹ̀rọ géèmù, ẹ jẹ́ kí ohùn máa jáde ní PCM onísítẹ́ríò, ìyẹn ohùn tí wọn ò dì, kì í ṣe Dolby, torí Dolby gbọ́dọ̀ di ẹrù kó tún tú u kó tó dún, àkókò ló ń jẹ. Soundbar, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ń lu ìlù. Bluetooth, mo ti sọ ọ́, kò sí àlàyé tó lè mú un dára fún ìlù lílù, ẹ lo wáyà. Hẹ́ẹ̀dìfóònù aláìníwáyà tó ní dongle tiẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ USB sàn ju Bluetooth lọ dáadáa, àmọ́ wáyà ṣì jù ú lọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, tó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ kó dá ohùn ìlù, bóyá nítorí pé ohùn module yín ò wù yín, ọ̀rọ̀ buffer ló kù. Windows máa ń gba ohùn kọjá nínú mixer tiẹ̀, ibi tó ti ń da gbogbo ohùn pọ̀, kó tó jáde, ìyẹn ń pẹ́. ASIO, ìyẹn ọ̀nà ohùn tí ilé iṣẹ́ Steinberg gbé jáde ní 1997, máa ń yẹ mixer yẹn sílẹ̀ tó ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀ tààrà, WASAPI exclusive tó wà nínú Windows náà ń ṣe irú ẹ̀. Tí géèmù tàbí sọ́fítíwíà yín bá ní i, ẹ yàn án, kẹ́ ẹ sì fa buffer wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: 512, 256, 128. Níbi tí ohùn bá ti ń gé, tó ń ṣe kẹrẹkẹrẹ bíi rédíò tí ò mú dáadáa, ẹ ti bọ́ sísàlẹ̀ jù, ẹ padà sókè ìpele kan kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ tún pa V-Sync, èyí tó ń so àwòrán géèmù mọ́ ìyára ojú tẹlifíṣọ̀n tàbí mónítọ̀, nínú géèmù, ẹ jẹ́ kí àwòrán ju 60 lọ tí kọ̀ǹpútà bá gbà á, torí géèmù tó ń sáré máa ń tètè rí i pé ẹ na nǹkan.

Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni calibration wá kàn. Ẹ má ṣe é kẹ́ ẹ tó tún wáyà àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, torí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá yí padà máa ba nọ́ńbà yẹn jẹ́. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún àwòrán, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe ti ohùn, ẹ di ojú, ẹ tẹ́tí nìkan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe ti àwòrán, ẹ pa ohùn, ẹ wòran nìkan. Kẹ́ ẹ sì fi páàdì ṣe é o, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, torí páàdì ní àkókò tiẹ̀ tí kíbọ́ọ̀dù ò ní, páàdì lẹ sì máa fi ta géèmù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà márààrún yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá sún mọ́ra, bíi 62, 65, 60, 64, 63, ẹ mú èyí tó wà láàárín, ọ̀rọ̀ parí. Tí wọ́n bá fọ́n ká, 30, 95, 50, 110, nǹkan míì ló wà níbẹ̀. Láàgì tó dúró sójú kan, géèmù lè yọ ọ́ kúrò, kódà ọwọ́ èèyàn lè bá a mu. Láàgì tó ń fò sókè sódò, kò sí ẹni tó lè bá a mu, kì í ṣe géèmù, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ pa àwọn ohun míì tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi wáyà USB sínú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ dípò hub tó ń pín ihò USB, tí MIDI bá sì ń gba Bluetooth, ẹ fún un ní wáyà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi nọ́ńbà síbẹ̀, ẹ ta orin tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, tí ò yára. Tí géèmù bá ń sọ pé ẹ pẹ́ nígbà gbogbo, ẹ sún un ní 5 ms, ẹ tún ta á. Tó bá burú sí i, apá kejì ló yẹ kẹ́ ẹ sún un sí, torí bí géèmù kan ṣe ń lo àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò kọ́ ni òmíì ṣe ń lò ó, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín lọ́kàn rú.

Àwọn nǹkan kan tún wà táwọn èèyàn ń pè ní láàgì tí kì í ṣe láàgì rárá. Tẹ́ ẹ bá rọra kan páàdì tí ò gbọ́, threshold, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí module ń retí kó tó gbọ́, ló ga jù nínú module, ẹ fà á wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá nà án lẹ́ẹ̀kan tó dún lẹ́ẹ̀mejì, mask time tàbí retrigger, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí module di etí díẹ̀ lẹ́yìn ìlù kan, ló kéré jù, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá na tom tí kick, ìlù tẹ́ ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, náà dún, gbígbọ̀n ló ń gba irin kọjá láti orí páàdì kan dé orí èkejì, ibi tí wọ́n kọ "Crosstalk" sí lẹ máa lọ. Tí cymbal, ìyẹn àwo irin, kan ò bá sì ṣiṣẹ́ rárá nínú géèmù, nọ́ńbà MIDI ẹ̀ ni géèmù ò mọ̀, ẹ lọ kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ya páàdì sọ́tọ̀. Calibration ò lè tún ọ̀kankan nínú wọn ṣe, mo sì ti rí ẹni tó fi odindi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe calibration nítorí kick tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ gbé fóònù yẹn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàdì, ẹ gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù oníwáyà lé e lórí, ẹ tún na snare lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bíi ti àkọ́kọ́. Nínú tèmi, òkè kékeré àti òkè ńlá ti sún mọ́ra débi pé mo ní láti fa àwòrán náà tóbi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rí ààlà àárín wọn, kò pé 10 ms. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ta orin kan náà tó ti ń dójú tì mí látọjọ́ pípẹ́, kọ̀ǹgọ́ kan rọ́bà, pá, ohùn sì wà níbẹ̀.